Súkúrù Wo Lo Kọ́kọ́ Tú?

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màámi mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àtijọ́. Ó dá mi lójú pé orí àga tí kò ní ẹ̀yìn yẹn lẹ jókòó sí bí ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí, girísì wà lọ́wọ́ yín, maṣíìnì ìránṣọ ẹlòmíì sì wà níwájú yín, wọ́n ti tú ikùn ẹ̀ síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ yín ná. Ìròyìn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ dídọ̀tí gbà.

Wọ́n ti gbé mi ga níbi iṣẹ́. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ilé sáfà ni mo wà, ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà sí láti ilẹ̀ dé òkè. Gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ ń rí lórí fóònù ẹ̀gbọ́n yín, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń gbé. Ọpọlọ tuntun ti dé fún àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ìran kẹfà ni wọ́n ń pè é. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kan ṣoṣo sì ń ṣe iṣẹ́ méje nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò ṣe é fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì rárá, ilé bíi tiwa nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí bí wọ́n ṣe máa kó o wọlé kí n má sí níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun, wọ́n sì fún mi ní káàdì tó ní fọ́tò mi. Mo kàn máa ń fi kan ara ilẹ̀kùn ni, á sì ṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá ibí yìí sókè fún Bàbá Sítáǹpù, ẹ̀gbọ́n yín, tí wọ́n sọ lójú gbogbo ẹbí pé ọmọ tí kò lè jókòó ti maṣíìnì kan kó tún un ṣe tán, kò sí ìlú òkèèrè tó máa gbà á. Ẹ má fo ìlà kankan.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìsọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ ti fi tún maṣíìnì ṣe. Ó tó gẹ́ẹ́. Kò yẹ kí ìyá ọ̀gá máa kúnlẹ̀ wá súkúrù lábẹ́ tábìlì. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsọ̀ yẹn láti ìgbà tí mo ti wà nílé. Ẹ fún un. Èmi ò ní nílò rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín ránṣẹ́, mo fẹ́ ra bàtà fún yín.

Èmi ọmọ yín tó ti di ọ̀gá.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo dìde dúró kí n tó kí ọ, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń jókòó kí ọ̀gá. Ara mi le. Ojú mi ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àmọ́ ó ṣì ń rí èèyàn dáadáa.

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún ẹ̀gbọ́n mi bí o ti ní kí n ṣe. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá pósítọ́fíìsì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n má lu òǹtẹ̀ lé e kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ káàkiri. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìwọ lo ṣe ọpọlọ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìwọ lo ti ni ilé náà. Ìyá oníbọ́tìnnì wá bá mi, ó ní kí o bá òun wá ọ̀kan fún ọmọ òun ọkùnrin, torí pé èyí tí wọ́n bí i mọ́ kò ṣiṣẹ́. Mo ní màá sọ fún ọ. Mo ti sọ.

Ohun kan ni kò yé mi. O ní ìran kẹfà ni èyí. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún mélòó ni ìran kan ń lò, wọ́n ní àwọn kà á nínú ìwé ìròyìn pé bí ọdún mẹ́ta. Maṣíìnì tí mo fi kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá mi ló kọ́kọ́ ni ín, ó sì ń ránṣọ títí di àárọ̀ òní. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin tiyín, ẹ kì í tiẹ̀ dúró kí orí ó fọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ́ ẹ.

Ní ti ìsọ̀, mo ti bá wẹ́dà sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti yọ gíláàsì iṣẹ́ lójú kó tó dì mọ́ mi. A ti fi sí ìparí oṣù kẹfà. Ọjọ́ náà la máa fọwọ́ sí ìwé.

Àmọ́ kó tó di ìgbà yẹn, dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo fún mi. O mọ òfin ìsọ̀ wa: ẹni tó bá ní òun tún ẹ̀rọ ṣe, kó kọ́kọ́ sọ súkúrù tó tú ṣáájú, kó sì sọ èyí tó bá a ṣe agídí. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọpọlọ àtijọ́ kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i, súkúrù wo lo kọ́kọ́ ń tú?

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi kò tíì yí padà láti ìgbà tí o ti ń jí bàtà mi wọ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo rí i pé ara yín le lóòótọ́, torí ẹnu yín kò tíì rẹ̀ rárá.

Ẹ sọ fún ìyá oníbọ́tìnnì pé wọn ò tíì ṣe èyí tó lè gba ti ọmọ rẹ̀. Ní ti súkúrù tẹ́ ẹ bi mí, àwọn tó wà lábẹ́ mi ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀gá kì í fọwọ́ kan súkúrù. Ìran kẹfà ń wọlé dáadáa, ojoojúmọ́ la ń yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún yín, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ibi kan lásán ni. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Irin onígun mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀, ó ní ihò wẹ́wẹ́, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, láti abẹ́ yẹn ni atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ gòkè. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà iwájú àwọn kọ̀ǹpútà náà, òtútù á mú yín lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn wọn, ooru á bò yín lójú. Eruku kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Aṣọ ìnulẹ̀ lásán kò wúlò, torí ó máa ń já fọ́nrán sílẹ̀. Aṣọ kan wà tí kì í já. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fà á lórí irin kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀, kì í ṣe lọ-bọ̀ lọ-bọ̀, lẹ́yìn náà lẹ máa ṣẹ́ ẹ po kẹ́ ẹ lo ẹ̀gbẹ́ kejì. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kó rin díẹ̀. Àwọn irin tó wà ní kọ̀rọ̀ ló máa ń gba eruku jù, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn kì í dé. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ nǹkan kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kó lè gba ìdọ̀tí rẹ̀. Bó bá ti dúdú, wọ́n á bó awẹ́ òkè kúrò, tuntun á yọ. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé yìí máa ń fò ó kọjá torí ìkánjú, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an ni.

Bàtà yín máa tó dé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Ọ̀gá Àgbà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ, mo sì kí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ gbogbo yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ìran kẹfà gba ìlà kan ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gba ojú ewé méjì. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ aṣọ tí kì í já fọ́nrán yẹn. Bí o bá rí ọ̀kan, jẹ́ kó ṣáájú bàtà náà dé. Mo ti bá ọ̀gá pàdé rí, mo ti jẹ́ ọ̀gá fúnra mi, mi ò rí èyí tó ń bínú nítorí ohun tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìsọ̀ tèmi, ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ló máa ń mọ ẹni tí kò nu ẹsẹ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan o. Ìbéèrè ni mò ń bi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ orúkọ èèyàn mẹ́jọ sílẹ̀ tí o máa bá wá iṣẹ́. Wọ́n kọ tiwọn ṣe ìkejì. Wẹ́dà wá lánàá pẹ̀lú tépù rẹ̀. Ó wọn ògiri lápá fèrèsé, ó wọn ilẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wá fi ọwọ́ kan náà nu òógùn. Ó ní láti padà wá wọ̀n ọ́n.

Mo di irin kékeré tí mo fi ń tú súkúrù mọ́ lẹ́tà yìí, èyí tó ní ọwọ́ igi. O mọ̀ ọ́n. Àpá eyín rẹ wà lára ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì. Gbé e fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ.

Súkúrù wo ni?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò rí lẹ́tà kankan gbà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kó má bàa rí ojú mi. Bí o bá ń bínú, kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ara rẹ kò bá yá, sọ.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi wà ńlẹ̀, ìwọ náà mọ̀. O sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó: ohùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí sókè títí, kí ará òdìkejì ọ̀nà lè bá wọn dá sí i. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ń kọ̀wé.

Wẹ́dà ti wọn ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìparí oṣù kẹfà kò yẹ̀. Bí mi ò bá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ kó tó di ọjọ́ náà, màá fọwọ́ sí ìwé, màá kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Màámi,

Mo kí yín. Mo rí irin yín gbà. Mo rí èébú tó bá a wá gbà náà.

Ẹ ní mi ò kọ̀wé. Kí ni kí n kọ? Gbogbo ohun tí mo bá kọ lẹ máa ń tú palẹ̀, bí ẹ ti ń tú gbogbo nǹkan palẹ̀. Ṣé ẹ rántí maṣíìnì dúdú yẹn, ti obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọge níṣẹ́ aṣọ? Ẹ ti gbàgbé, àmọ́ èmi ò gbàgbé. Ogún ọdún ni mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, èmi nìkan, mi ò bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí obìnrin náà wá gbà á, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ tú u lójú rẹ̀ àti lójú oníbàárà mẹ́rin. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ n wo ohun tí ọmọ yìí gbàgbé sínú ẹ̀ kó tó gé yín lọ́wọ́." Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àkísà ìnuwọ́ títí tẹ́ ẹ fi tún un dè tán. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé màá lọ.

Torí náà, bí mo bá ní ọ̀gá ni mí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ọ̀gá. Ẹ fún wẹ́dà ní ìsọ̀ yín. Mi ò ní padà wá síbẹ̀ láti dúró pẹ̀lú àkísà.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Màámi,

Mi ò mọ ìkíni tí wọ́n fi ń ṣáájú irú lẹ́tà yìí. Ẹ kú ìfaradà mi.

Ilẹ̀ ni mo ń nù. Láti ọjọ́ tí mo ti débí ni mo ti ń nù ún. Nígbà tí mo ní wọ́n gbé mi ga, wọ́n gbé mi láti ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ilé sáfà ni. Káàdì náà kì í ṣe irọ́. Aṣọ funfun náà kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà, onírùngbọ̀n, èyí tó máa ń fo ohun tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà yẹn kọjá jù. Ó fi ọpọlọ tuntun sínú kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà náà jí, àmọ́ kò rántí nǹkan dáadáa, ìdajì ohun tí wọ́n tò sínú rẹ̀ ni kò rí. Ó yọ ọ́, ó fi òmíì sí i. Bákan náà. Mo ń nu irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Súkúrù mẹ́rin ló de irin tó bo ọpọlọ náà mọ́lẹ̀. Ó fún ti àkọ́kọ́ pa, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ó fún un pa, ó ń yípo lọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yín létí mi: igun sí igun tó kọjú sí i, díẹ̀díẹ̀, bí o bá fún ẹ̀gbẹ́ kan pa ṣáájú, irin á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní kàn dọ́gba.

Mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ wo igi ìnulẹ̀ mi kó tó wo ojú mi. Ó ní kí n wá ṣe é nígbà náà. Irin yín wà nínú àpò mi, àmọ́ kò wọ orí súkúrù wọn, orí tiwọn rí bí ìràwọ̀. Mo gba tiẹ̀. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọn dè bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà náà jí, ó sì rántí gbogbo nǹkan. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni, pé ẹ ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́ ògiri pé bí wọ́n á ṣe máa de súkúrù náà nìyí. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Ìran kẹfà ti wọlé tán báyìí. Torí pé ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ méje, ìdajì ilé náà ti ṣófo. Ìran karùn-ún, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fẹ́ kó o dànù, ojoojúmọ́ ni mo ń gbá ẹ̀gbẹ́ páálí náà. Ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ò sí lórí rẹ̀, wọn kì í nù ún. Mọ́kànlá ni àwa tó ń nulẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n fẹ́. Mi ò sí lára mẹ́ta. Ìparí oṣù kẹjọ niṣẹ́ mi máa tán. Ọpọlọ tí mo fi ń yangàn fún yín ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ ìsọ̀ náà, Màámi. Ó ń dùn mí bí mo ṣe sọ pé mi ò fẹ́ ẹ. Lẹ́tà yìí máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù. Torí náà, bí mo bá ti fi í sínú àpótí, màá pe fóònù Bàbá Sítáǹpù. Ẹ mọ bí ojú ṣe máa tì mí tó.

Súkúrù apá òsì lókè ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ìkẹta ló máa ń ṣe agídí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ìjókòó ni mo ti kí ọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti pè ni o ti ń retí ohùn mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí lẹ́tà rẹ dé kí n tó kọ tèmi. Ìwọ náà ti mọ bó ṣe ń rí báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tán kí wọ́n tó sọ fóònù sílẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n wọ̀ wọ ìsọ̀. Láti òdìkejì ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ wọn: "Má fọwọ́ sí i o, ilẹ̀ ló ń nù." Ìyá oníbọ́tìnnì gbọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ gbọ́. Àwọn méje yòókù tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gbọ́, ẹnì kan nínú wọn sì wá bi mí bóyá wọ́n ṣì ń gba ẹni tó ń nulẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ pé oṣù mẹ́fà. O ò mọ irọ́ pa, má ṣe é mọ́.

Èmi náà pa tèmi. Kò sí ìwé kankan. Lóòótọ́ ni mo fẹ́ fún wẹ́dà ní ìsọ̀ nígbà tí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ka ojú ewé méjì nípa ilẹ̀ tán, mo lọ bá a, mo ní ọ̀rọ̀ ti yí padà. Inú bí i. Mo ní kó má bínú, kó bá mi ṣe tábìlì irin kan sápá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, torí pé tábìlì kan kò lè gba èèyàn méjì. Ohun tó ń wọ̀n nìyẹn. Ilẹ̀ nínù kò tì mí lójú. Ohun tó dùn mí ni pé o rò pé ó máa tì mí.

Ní ti maṣíìnì dúdú, mi ò gbàgbé. Mo tú u torí mi ò gbà pé o lè ṣe é láì bi mí. Mo wá àṣìṣe rẹ títí. Mi ò rí ọ̀kan. Kò sí súkúrù tó yẹ̀, kò sí ibi tí òróró kò dé. Ó yẹ kí n sọ lójú àwọn èèyàn yẹn pé ọmọ mi ti mọṣẹ́. Ojú ló tì mí, mo bá ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà sì bá mi rẹ́rìn-ín. Mo tún un dè bí o ti dè é gan-an. Ọdún mọ́kànlá rèé, obìnrin náà ṣì ń lò ó, kò gbé e padà wá rí. Mo jẹ̀bi rẹ. Mi ò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí náà tọ́jú lẹ́tà yìí.

Ìdáhùn rẹ tọ̀nà. Ẹni tó bá ti lè sọ ti ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Àmọ́ má rò pé ọ̀gá lo ń bọ̀ wá jẹ́. Ilẹ̀ lo máa fi bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ pé o mọ̀ ọ́n nù. Mo ti tẹ́ nǹkan sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń fò ó kọjá.

Wẹ́dà wọn ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kan tábìlì rẹ kúrú. Kó o tó máa bọ̀, bèèrè ọpọlọ ìran karùn-ún kan lọ́wọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó o dànù. Bó bá tóbi tó tuntun tí o ní kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yẹn, ó máa bá abẹ́ ẹsẹ̀ náà mu. Páálí ni mo ṣì fi tì í báyìí.

Ìyá rẹ.